Ọmọ Oríòkè ní Ìsàlẹ̀ Òkun

Láti ìgbà tí ẹ ti gbọ́ pé mo ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí léèrè bí ayé ṣe rí ní ilẹ̀ Yúróòpù: kí ni mo ń jẹ, báwo ni mo ṣe ń fara da òtútù, ibo ni mo sì máa ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀? Ẹnì kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n fi àwòrán ilé gogoro Eiffel ránṣẹ́ sí òun. Ẹ foríjì mí, n kò tíì dé Paris. Àwọn ibi tí ẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ kì í ṣe ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ, ìdí rẹ̀ sì ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Orúkọ ìlú tí mo ń gbé ni Nieuwerkerk aan den IJssel, ní ilẹ̀ Hóláńdì, láàárín Rotterdam àti Gouda. Ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí ni ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà wà. Wọ́n ri àmì kan mọ́lẹ̀ síbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, kí àwọn tó ń kọjá lè mọ̀ pé mítà 6.76 ni ilẹ̀ ibẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ ojú òkun. Ẹ fojú inú wo ilé alájà méjì: bí òkun bá ráyè wọlé, ẹja ni yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́nu fèrèsé òkè. Síbẹ̀ màlúù ń jẹ koríko níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwé, èmi náà sì ń sùn níbẹ̀ lálaalẹ́, mo ń hanrun. Orúkọ ìlú tí wọ́n bí mi sí ńkọ́? Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni.

Ẹni tí kò bá mọ etí omi Ìlàjẹ yóò rò pé orí òkè gíga ni wọ́n tẹ ìlú wa dó sí. Rárá o. Kò sí òkè níbẹ̀, kò sí òkúta pàápàá. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí n tó fi ojú mi rí òkúta tí ó tóbi ju orí ènìyàn lọ, Àkúrẹ́ ni wọ́n sì mú mi dé lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ kàn án títí ìyá mi fi ní kí n máa bọ̀. Oríòkè tí ó wà nínú orúkọ ìlú wa ni oríòkè àwọn aládùúrà, ìyẹn ibi tí ènìyàn ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ orí àpáta ní Èkìtì, ó lè jẹ́ iyàrá kan ní Mushin, ó sì lè jẹ́ ẹrẹ̀ etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ibi gíga ti di orúkọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, ó sì ti fi òkè gan-an sílẹ̀ lọ.

Igbókọ̀dá ni a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sílé. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà parí sí fún wa, tí omi sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé wà, pákó ni a fi kan ògiri wọn, páànù ni a fi bò wọ́n. Afárá pákó ni a sì ń gbà láti ilé dé ilé. Mo mọ ọkọ̀ wà kí n tó mọ ìwé kà. Kẹ̀kẹ́ ni n kò mọ̀ ọ́n gùn, torí ibo ni n ó ti gùn ún? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí kí n tó kọ́ ọ nílẹ̀ Hóláńdì, níbi tí àwọn ìyá àgbà ń gùn ún kọjá lára mi, tí wọ́n ń kí mi pẹ̀lú àánú.

Oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni mo dé. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí ń kó ẹrù ní èbúté Rotterdam, n kò sì ní fi ìtàn rẹ̀ dá yín lágara, nítorí ìṣirò ni ìṣirò ń jẹ́ níbi gbogbo. Ní òwúrọ̀ mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin, nírọ̀lẹ́ mo máa ń wọ̀ ọ́ padà. Nígbà òtútù, òkùnkùn ni mo fi ń jáde, òkùnkùn ni mo sì fi ń wọlé, ó wá dà bí ẹni pé kìkì òru ni wọ́n fi dá ọ̀sẹ̀. Oúnjẹ kò yọ mí lẹ́nu. Gààrí wà ní Rotterdam, ẹ̀wà wà, ata wà. Púpurú nìkan ni kò sí, bẹ́ẹ̀ àwa Ìlàjẹ àti àwọn Ìkálẹ̀ kò lè ṣe aláì jẹ púpurú. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ kí ó kan, wọn á mọ ọ́n roboto bí bọ́ọ̀lù, wọn á wá fi èéfín yan án títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha èyí tó dúdú kúrò, a ó lọ funfun inú rẹ̀, a ó rò ó lórí iná. Ìyá mi di mẹ́fà sínú àpótí mi.

Púpurú yìí ni ó jẹ́ kí n mọ aládùúgbò mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí àpò rẹ̀, òórùn èéfín gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ìyá àgbà tó ń gbé iyàrá ẹ̀gbẹ́ bá kan ilẹ̀kùn mi gbàgbàgbà: ó rò pé ilé ń jó. Mo fi púpurú hàn án. Ó gbọ́ ọ lóòórùn, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní ó jọ ẹja tí bàbá òun máa ń yan. A di ọ̀rẹ́. Ó ní kí n máa pe òun ní orúkọ òun, bí gbogbo ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Obìnrin tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kí n pè é lórúkọ bí ẹni pé a jọ ń ta ayò! Mo ń pè é ní Màmá. Ó ní òun kò bímọ rí láyé òun, mo ní ìyẹn kò kan ọ̀rọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Òun ni mo gbé lẹ́tà náà tọ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni ó dé, ó wà nínú àpòòwé tí àwọn ìjọba ń lò, mo sì mọ̀ pé ìjọba kì í kọ lẹ́tà láti kí ènìyàn. Owó ni wọ́n ń béèrè. Mo ti san owó orí níbi iṣẹ́, mo ti san ti ìjọba ìbílẹ̀, èwo tún ni èyí? Màmá gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á, ó sì ní, "Ti omi nìyí. Gbogbo wa là ń san án." Ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju omi lọ: láti tọ́jú odi tí kò jẹ́ kí òkun wọlé, láti máa fa omi òjò jáde kúrò lórí ilẹ̀, láti máa fọ omi ìdọ̀tí mọ́. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́kànlélógún (21) ni ó wà ní Hóláńdì báyìí, waterschap ni wọ́n ń pè é, àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn sì ti wà láti nǹkan bí ọdún 1200 sí 1300, kí orílẹ̀-èdè náà gan-an tó wà. Olówó ń san án, ayálégbé ń san án, àjèjì tí ó dé lánàá ń san án. Mo sọ owó náà ní "owó orí omi". Ẹ̀rín pa Màmá nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó béèrè bóyá omi ní orí.

Lẹ́yìn náà ni ó mú mi lọ wo odi. Mo ń pè é ní odi, nítorí pé "dijk" tí wọ́n ń pè é kò yàtọ̀ sí odi tí àwọn baba wa mọ yí ìlú ká: òkìtì gígùn tí a fi erùpẹ̀ mọ nítorí ọ̀tá. Omi nìkan ni ọ̀tá tiwọn. Ọmọdé ni Màmá ní òru ọjọ́ 31 oṣù kìíní mọ́jú ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1953, nígbà tí ìjì ti Òkun Àríwá wá sórí ilẹ̀. Odi já ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ènìyàn 1,836 ni omi sì pa ní Hóláńdì nìkan. Ó rántí pé bàbá òun gbé ṣọ́bìrì, ó sáré jáde láì wọ ìbọ̀sẹ̀. Ní Nieuwerkerk, odi odò Hollandse IJssel lu. Lẹ́yìn odi yẹn, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ni ó wà lórí ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀. Ni olórí ìlú bá pàṣẹ fún ọlọ́kọ̀ kan, Arie Evegroen, pé kí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ dí ihò náà. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Twee Gebroeders, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Ọkùnrin náà wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú ihò, omi gbá a mọ́ odi bí ìgbà tí a ti ilẹ̀kùn, ó sì dí. Ère rẹ̀ wà lórí odi náà títí dòní: ọkọ̀ kan tí orí rẹ̀ kọ sí inú odi.

Mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ọlọ́kọ̀ ni. Kò sí bí òkun ṣe lè ru tí kò ní mọ ọ̀nà rẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n bí olórí ìlú bá ránṣẹ́ pè é lálẹ́ ọjọ́ kan pé kí ó wá fi ọkọ̀ rẹ̀ dí ihò, ihò wo ni yóò dí? Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí odi. Ihò ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbò kún un kí n tó lọ sí ọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀. Àjèjì bí èmi kò lè dìbò yan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìwé ìgbélùú, tí ó sì ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, lè dìbò yan ìgbìmọ̀ omi. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2023, mo gba ìwé ìdìbò tí ó tóbi bí aṣọ tábìlì, mo mú pẹ́ńsù pupa tí wọ́n so mọ́ ibẹ̀, mo sì kun àmì kékeré kan. Ìbò àkọ́kọ́ tí mo dì láyé mi nìyẹn. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, àwọn tí yóò dí òkun ni mo dìbò yàn, ṣùgbọ́n òkun ẹlòmíràn ni.

Káàdì kan wà tí mo ń fi owó sí lóṣooṣù: láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di òru tó mọ́jú ọjọ́ Ajé, gbogbo ọkọ̀ ojú irin orílẹ̀-èdè náà ni mo lè wọ̀ láì san kọ́bọ̀ mọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo rìn bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Mo lọ sí Kinderdijk, níbi tí ilé ọlọ afẹ́fẹ́ mọ́kàndínlógún tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1740 tò sí etí omi. Ọlọ ni mo pè wọ́n, ṣùgbọ́n omi ni wọ́n ń fà, wọn kì í lọ ata. Ọkọ̀ ojú omi ni mo wọ̀ láti Rotterdam dé ibẹ̀. Gbogbo èrò ń ya àwòrán ilé ọlọ, èmi ń wo ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀. Mo lọ sí Helmond, nítorí ìyá mi: kí n tó lọ sí Hóláńdì, kò mọ Hóláńdì sí orílẹ̀-èdè, aṣọ ló mọ̀ ọ́n sí, ibẹ̀ sì ni Vlisco ti ń tẹ aṣọ náà láti ọdún 1846. Mo ra ọ̀pá mẹ́fà fún un. N kò ní sọ iye rẹ̀ fún yín.

Giethoorn ni ó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Abúlé kan ni, omi ni ọ̀nà àárín rẹ̀, afárá pákó ni wọ́n fi ń kọjá láti ilé dé ilé, àwọn àlejò láti Ṣáínà àti Amẹ́ríkà sì ń sanwó gọbọi láti jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí kan. Wọn kò mọ̀ ọ́n wà. Wọ́n ń sọ lu ara wọn, wọ́n ń sọ lu odi. Mo ya fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Oríòkè. Ó dá mi lóhùn pé: "Ṣé wọ́n máa ń sanwó fún ìyà níbẹ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ni ó pè mí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kò kọ́kọ́ kí mi, mo sì ti mọ̀. Ó ní omi ti gbé ilé ìdáná ìyá wa lọ. Ilé ìdáná yìí dá dúró lẹ́yìn ilé, níbẹ̀ ni ó ti ń yan ẹja àti edé tí ó fi tọ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òru ni omi dé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òpó méjì ni wọ́n rí, àti ààrò kan tó dorí kodò nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a gba iyàrá fún un ní Igbókọ̀dá, kí n san ìdajì. Mo ní n ó san gbogbo rẹ̀. Ìyá wa ní kí a lọ fi owó wa ra ọkọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé agídí àgbà lásán ni. Gbogbo ẹni tó bá mọ etí omi wa mọ ìtàn Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n ń kan ọkọ̀ fúnra wọn, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá nílẹ̀ Yorùbá kò ní. Òkun ti jẹ púpọ̀ nínú Ayétòrò báyìí: ilé, ilé ìwé, itẹ́ òkú. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdènà omi ibẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe ní ọdún 2004, wọ́n tún gbé e fún òmíràn ní ọdún 2009. Ẹni tó bá dé Ayétòrò lónìí yóò rí òkun. Kò ní rí odi. Ìyá mi mọ àwọn tó sá kúrò níbẹ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n fọ́n ká sí. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tó ń rò nìyẹn. Mo rò pé kò rí àpẹẹrẹ gidi ni, pé bí mo bá lè fi ibi kan hàn án níbi tí àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti gbà pé omi borí, yóò gbà. Bí mo ṣe dé Schokland nìyẹn.

Erékùṣù ni Schokland tẹ́lẹ̀, nínú omi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Zuiderzee. Apẹja ni àwọn ará ibẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Kampen, mo wọ bọ́ọ̀sì dé abúlé Ens, mo wá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín oko ànàmọ́ àti oko àlùbọ́sà. Atẹ́gùn ń fẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ìgbà tí mo rí òkìtì kan tí igi wà lórí rẹ̀ lókèèrè ni mo mọ̀ pé mo ti dé. Erékùṣù náà nìyẹn. Kò sí omi kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1834 ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri, ẹsẹ̀ mi sì ń wúwo bí mo ṣe ń kà á. Ilé pákó ni wọ́n ń gbé. Ilẹ̀ wọn ń rì, omi ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún, wọ́n wá fi igi gbá ọgbà yí etí rẹ̀ ká. Ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn, nítorí náà pákó ni wọ́n tẹ́ láti àdúgbò kan dé èkejì. Pákó náà tóóró débi pé, bí àwọn tó sọ ìtàn náà ṣe wí, bí ẹni méjì bá pàdé lórí rẹ̀, wọ́n ní láti di ara wọn mú kí wọ́n sì yí po kí oníkálùkù tó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín sókè níbẹ̀, èmi nìkan. Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ mọ yíyí yẹn! Ìgbà mélòó ni mo ti fi abọ́ ẹja lérí yí po mọ́ ẹlòmíràn lórí afárá ilé wa?

Ní ọdún 1859 ni wọ́n kó wọn kúrò. Ọba Willem Kẹta ni ó pàṣẹ. Nǹkan bí 650 ènìyàn ni wọ́n, òtòṣì ni ọ̀pọ̀ wọn, ìjọba sì rí i pé owó tí wọn yóò fi dá ilẹ̀ náà dúró ju ohun tí àwọn ènìyàn náà tó lójú wọn lọ. Wọ́n san owó ilé fún wọn, wọ́n wó àwọn ilé náà. Àwọn kan lọ sí Kampen, àwọn kan lọ sí Vollenhove, àwọn kan lọ sí Volendam.

Mo jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí ó mú fóònù lọ fún ìyá wa ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi dáadáa. Mo sọ ti ilé pákó, mo sọ ti afárá, mo sọ pé ọba gan-an ló ní kí wọ́n máa lọ. Mo yí fóònù kí ó rí pápá náà.

"Omi dà?" ni ó béèrè.

Mo ní, "Omi ti lọ, ìyá mi. Wọ́n mọ odi ńlá kan sẹ́nu òkun ní ọdún 1932, wọ́n wá fi ẹ̀rọ fa omi ibí gbẹ. Ní ọdún 1942 ni ilẹ̀ yọ."

"Ọdún mélòó ni ìyẹn jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn?"

Mo ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni ìṣirò. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà tí wọ́n ń lé wọn, ṣé wọ́n ti mọ̀ pé omi yẹn ṣeé fà?"

Ẹ wò ó, mo ti ka ìdáhùn rẹ̀ nínú ilé náà ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Láti ọdún 1667 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hendric Stevin ti kọ ọ́ sínú ìwé pé a lè mọ odi sí òkun yẹn. Agbára rẹ̀ ni kò tíì sí. Mo lè parọ́ fún un. N kò parọ́.

"Wọ́n ti rò ó, ìyá mi. Wọn kò tíì lè ṣe é ni."

"Àwọn tí wọ́n lé, ṣé ibì kan náà ni wọ́n jọ kó lọ?"

"Rárá. Wọ́n fọ́n ká ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ wọn ní ẹgbẹ́, wọ́n máa ń pàdé."

"Ilẹ̀ wá padà, èèyàn kò padà," ni ó wí. "Ó dáa, ọmọ mi. O ti gbìyànjú. Ṣé o ti jẹun?"

Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí n ó fi pe ilẹ̀ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ omi báyìí, èyí tí wọ́n ń pè ní polder. "Ilẹ̀ àgbàpadà" ni mo ti kọ sínú ìwé mi, inú mi sì dùn sí i gan-an. Lẹ́yìn ìpè yẹn, n kò mọ̀ mọ́ bóyá ó dára. Ta ni ó gbà á padà? Àwọn tó ń gbin ànàmọ́ síbẹ̀ wá láti ibòmíràn. Nínú ọkọ̀ ojú irin padà sí Nieuwerkerk, inú ń bí mi, n kò sì lè sọ ẹni tí mo ń bínú sí. Kì í ṣe ìyá mi. Kì í ṣe àwọn ará Hóláńdì náà, àwọn tó san owó omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún méje kí n tó wá bá wọn sùn nínú ilẹ̀ gbígbẹ. Mo rò pé ara mi ni, torí mo ti gbé àpẹẹrẹ àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ bá ẹni tí ó mọ̀ dájú pé wọ́n lè fi òun náà sílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ní ọdún 1953 wọ́n ní kí bàbá òun kó kúrò, kò ní lọ. Mo ní, "Ẹ ti ní odi nígbà náà." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Odi tó já." Ó wá gbé tíì wá.

N kò tún bá ìyá mi sọ̀rọ̀ Igbókọ̀dá mọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Kò ní lọ sí Igbókọ̀dá, níbi tí kò ti ní mọ ẹni tó kú ní àdúgbò tàbí ẹni tó bímọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí a tú ilé náà kí a sì sún un sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́ ilé àbúrò bàbá mi, níbi tí omi kò tíì dé. Pákó ni; ilé wa kì í ṣe ohun tí ń wó, ohun tí à ń tú ni. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tú u láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, wọ́n tún un kàn. Òpó tuntun ni mo sanwó rẹ̀, àti páànù, àti ilé ìdáná. Mo béèrè pé ìgbà wo ni omi yóò tó dé ibi tuntun náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lórí fóònù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi iye owó kan ránṣẹ́ lóṣooṣù fún òpó tó bá jẹrà àti afárá tó bá já. Lẹ́tà owó omi ti Nieuwerkerk náà kò dẹ́kun dídé, mo sì ń san án láì ráhùn. Mo ṣe àṣìṣe kan ni, mo sọ ìtàn lẹ́tà yẹn fún ìyá mi. Báyìí, bí owó mi bá ti wọlé, yóò gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, yóò ní, "Mo ti rí owó orí omi gbà o."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi kún un pé bí mo bá tún lọ sí Schokland, kí n wò ó bóyá wọ́n tọ́jú àwọ̀n àwọn apẹja ibẹ̀, kí n sì ya ojú àwọ̀n náà dáadáa kí òun lè mọ irú ẹja tí wọ́n ń pa. Mo ti wo àkókò bọ́ọ̀sì. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa lọ.